Kí Ẹ Tó Wá Ẹyẹ Létí Omi, Ẹ Wádìí Ibi tí Ọyẹ́ Ti Ń Fẹ́

Okùnrin kan tẹ̀ mí láago lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ti ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, owó gidi ló sì ná lé e. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gba ọ̀nà dáàmù Asa lọ níbí ní Ìlọrin, ó jókòó sétí omi láti kùtù títí oòrùn fi mú. Mo bi í léèrè ohun tó rí. Ó ní ẹyẹ pọ̀ lọ jáǹrẹrẹ, àmọ́ dúdú ni gbogbo wọn, ìdí ni gbogbo wọn sì kọ sí òun. Kò sí ẹyọ kan tí òun lè dárúkọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ayédèrú awò ni wọ́n tà fún òun.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, awò náà kò ní àbùkù, ibi tó jókòó sí ni. Apá ìwọ̀-oòrùn omi ló wà, ó kọjú sí oòrùn tó ń yọ, ọyẹ́ sì ń fẹ́ sí i lójú. Ẹni tó bá jókòó báyẹn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ohun tí yóò rí náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹyẹ ni mò ń ṣe. Mò ń kà wọ́n, mò ń kọ wọ́n sílẹ̀, mo sì ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kọ́ òun ní ohun kan ṣoṣo nípa wíwo ẹyẹ létí omi, n kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ ẹyẹ. Orí atẹ́gùn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ọ̀rọ̀ àṣírí tó tú la máa ń fi òwe yìí pa, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ adìẹ gan-an. Ìyẹ́ ẹyẹ tò léra wọn bíi páànù òrùlé, láti orí lọ sí ìdí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti iwájú, ṣe ló máa tẹ ìyẹ́ mọ́ ara, ara á sì móoru. Bó bá fẹ́ láti ẹ̀yìn, á ká ìyẹ́ sókè, òtútù á wọlé, ìhòòhò á hàn. Kò sí ẹyẹ tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ tó dúró sétí omi fi ń kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Bó bá fẹ́ fò tàbí tó bá fẹ́ bà, ibẹ̀ náà ló máa kọjú sí, torí atẹ́gùn tó bá pàdé apá rẹ̀ níwájú ló ń gbé e dúró.

Ọyẹ́ tiwa, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, láti bí ìparí oṣù Bélú títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà. Oòrùn òwúrọ̀ náà, apá ìlà-oòrùn yẹn ló wà. Nítorí náà, ẹ dúró sétí omi lápá ìlà-oòrùn, kí ọyẹ́ máa fẹ́ yín lẹ́yìn, kí oòrùn náà wà lẹ́yìn yín. Ẹyẹ á kọjú sí yín, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sí wọn láyà. Ẹ ó rí àwọ̀ wọn, ẹ ó rí ẹnu wọn, ẹ ó rí ojú wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti bọ́ sí òdìkejì, ó ti ń tàn sí ẹ̀yin lójú nìyẹn. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ.

Mo mọ̀ pé ọdẹ tó bá ka èyí á fẹ́ bá mi jiyàn. Ẹni tó ń tọpa ẹtu kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ti ẹ̀yìn òun fẹ́, torí ẹran á gbóòórùn rẹ̀, á sì sá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ojú àti etí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ fi ń ṣọ́ ara wọn. Òórùn yín kò ní lé wọn, ohùn yín ló máa lé wọn, nítorí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá wọn ni. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ sì pa fóònù lẹ́nu mọ́.

Lásìkò yìí, nǹkan bí aago 7 ni oòrùn ń yọ ní Ìlọrin. Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, mo máa ń mu kókó gbígbóná, mo máa ń fi òrí pa ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́, mo sì máa ń rí i pé aago 6:45 bá mi létí omi. Ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ nílẹ̀ lóru. Ilẹ̀ á tutù, atẹ́gùn líle á wà lókè lọ́hùn-ún. Ìgbà tí oòrùn bá ti yá ilẹ̀, bí aago 9 sí 10, ni atẹ́gùn òkè yẹn máa ń já wálẹ̀ tí eruku á sì gbéra. Wákàtí méjì tó ṣáájú ìyẹn ni ẹ ó fi gbọ́ ohùn ẹyẹ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú lẹ ó máa lò.

Sátidé tó kọjá, bàbá apẹja kan ń tú àwọ̀n wọn nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ọyẹ́ o, Bàbá.” Wọ́n dáhùn, wọ́n wo awò ọrùn mi, wọ́n ní, “Àwọn ẹyẹ tí ẹ ń wá kò sí níbi tí wọ́n wà lánàá o. Ọyẹ́ ti kó òjúoró lọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀hún, wọ́n sì ti bá a lọ.” Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ jù báyẹn lọ. Òjúoró kò ta gbòǹgbò mọ́ ilẹ̀, orí omi ló léfòó sí, ibi tí atẹ́gùn bá tì í lọ ló ń lọ. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀, ojú kan ló ń wà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ẹyẹ tó ń jẹun lórí òjúoró, ẹ wo apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀, ibi tí igi dí atẹ́gùn ni wọ́n ń wà, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí. Wọ́n á máa fò mọ́ omi pẹ́kípẹ́kí.

Orí òṣíbàtà ni mo jókòó tì jù lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó pupa rúsúrúsú, tí iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, òun ló fi ń pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ewé tí ewé kò fi rì. Akọ ló ń sàba lórí ẹyin, akọ ló sì ń tọ́jú ọmọ. Ní ọdún kan, mo rí i tí ẹ̀rù bà á. Ó rẹ ara sílẹ̀, ó na apá díẹ̀, ó dìde, ó sì rìn lọ. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín ń rọ̀ lábẹ́ apá rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé sábíyá. N kò tíì gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí ọyẹ́ le, ẹyẹ dúdú-òun-funfun tó ń pẹja kọjú sí atẹ́gùn, ó ń ju apá lójú kan náà lókè omi, orí rẹ̀ kò mì rárá, àfi bí ẹni tí wọ́n so rọ̀. Bí ọ̀já dúdú méjì bá wà láyà rẹ̀, akọ ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó já láàárín, abo ni.

Àwọn Fúlàní kó màlúù wá mumi, lékeléke sì bá wọn dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, torí gbogbo ẹyẹ funfun ni a ń pè ní lékeléke. Ẹ wo ẹnu àti ẹsẹ̀. Lékeléke tí a nawọ́ sí nígbà èwe pé kó fún wa ní èékánná funfun, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ọrùn rẹ̀ kò gùn, ìdí màlúù ló sì máa ń wà, torí pátákò màlúù ló ń lé tata jáde fún un. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú àmọ́ tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹyẹ mìíràn ni. Inú omi ló ń rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ yẹn ru ẹrẹ̀ kí ẹja lè jáde. Ẹ̀kẹta ga ju àwọn méjèèjì lọ, ọrùn rẹ̀ sì rí kọ́lọkọ̀lọ.

Àwòdì ni ọyẹ́ kì í yọ lẹ́nu. Ó ń fi ìrù rẹ̀ tó là ní ẹnu méjì tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju apá. Ẹ rántí òwe rẹ̀: àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹyẹ tó dúró ń sá fún atẹ́gùn ẹ̀yìn, èyí tó ń rìnrìn àjò ń wá a. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti àríwá wá sí gúúsù lórí Sàhárà ń ti àwọn ẹyẹ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù lẹ́yìn lọ́dọọdún. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹyẹ kékeré tó ń mi ìdí rẹ̀ ṣáá létí omi Asa. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti ẹyin adìẹ kan lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí báwo la ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ní 1822, ní Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n rí ẹyẹ àkọ̀ kan tí ọfà ilẹ̀ Áfíríkà gún lọ́rùn, ọfà náà ṣì wà lára rẹ̀. Yunifásítì Rostock ṣì tọ́jú ẹyẹ ọ̀hún dòní. Ní 1899, olùkọ́ ará Dẹ́ńmákì kan, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka alumíníọ̀mù tó ní nọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó kú tí irú òrùka bẹ́ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ da gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ kọ, ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos.

Ohun kan ń dùn mí. N kò rí igún kankan lọ́jọ́ náà. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún wa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè àkúrun pátápátá, májèlé àti pípa á fún àgúnmu wà lára ohun tó fà á. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún rèé.

Ní ti awò, èyí tí wọ́n kọ 8×42 sí lára ló tó. 8 ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Ẹ má ṣe wá 10 lọ́jọ́ ọyẹ́, torí bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ yín di ńlá. Ẹ má sì fi aṣọ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀. Iyanrìn ni eruku yẹn. Etí bùbá ni mo fi nu tèmi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ rà á, ojú ibi tó há ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n ná.

Bí ẹyẹ tí ẹ fẹ́ kà bá pọ̀, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ fojú wọn ibi tí mẹ́wàá yẹn gbà, kí ẹ wá wo ìlọ́po mélòó ni gbogbo agbo. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kíkà ẹyẹ omi jákèjádò ayé, láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Okùnrin tó ra awò yẹn tún tẹ̀ mí láago lánàá. Ó ti lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ó ní òun rí ẹyẹ funfun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, àmọ́ nígbà tó gbé e jáde nínú omi, ìka rẹ̀ rí bí ìyeyè tó pọ́n. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ọjọ́ àti aago sí i.