Ilé là ń lọ, àmọ́ àlejò lọmọ yín lójú ẹ̀fọn

Láti ìparí oṣù Kẹwàá ni fóònù ọ́fíìsì wa kì í ti í sinmi mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn tó fẹ́ rìnrìn-àjò ni mo ń gún lábẹ́rẹ́ ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni létí, tí ilẹ̀ ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́ta, ìkókó olóṣù mẹ́jọ. Ìbàdàn ni, tàbí Ìjẹ̀bú, tàbí Àkúrẹ́, kí ìyá àgbà lè gbé ọmọ tó jẹ́ pé orí WhatsApp ló ti ń kì í láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo máa ń bi wọ́n pé, "Oògùn ibà ńkọ́?" Baba ọmọ á rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ilé là ń lọ o. Ṣé ẹ̀fọn tó tọ́ mi dàgbà náà ló máa wá pa mí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé àwọn èèyàn wa dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù. Nínú àwọn tí dókítà ń rí ibà lára wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún, kì í ṣe òyìnbó tó lọ wo kìnnìún ló pọ̀ jù. Àwọn tó lọ kí ẹbí nílẹ̀ Áfíríkà ni, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó máa ń ṣíwájú. Òyìnbó tó ń lọ wo kìnnìún ń bẹ̀rù, ó lo oògùn. Àwa ò bẹ̀rù, ilé la kúkú ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí baba ọmọ yẹn. Àjẹsára tí ara ń ní sí ibà kò dà bíi ti èéyi, téèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tó sì parí. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Mọ́kọlá, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lóru gbogbo, kòkòrò ibà ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara sì ń kọ́ bó ṣe máa bá a jà. Ó ṣàìsàn títí lọ́mọdé, bó tilẹ̀ ti gbàgbé. Ìgbà tó fi dàgbà, ibà tó bá mú un kò ju orí fífọ́ àti ara ríro lọ. Ṣùgbọ́n bí oko ni ààbò yẹn rí. Bí a ò bá ro ó mọ́, igbó á gbà á padà. Ọdún mélòó kan nílẹ̀ tí ibà kò sí, èyí tó pọ̀ jù nínú ààbò náà ti lọ. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ní tirẹ̀ kò ní oko kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn dúdú ni, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àyìnlá, àmọ́ ní ti ibà, òun àti ọmọ òyìnbó ilé kejì kò yàtọ̀. Àti ẹni tó ń sọ pé "AS lọmọ mi, ibà kì í mú wọn": AS máa ń dín ibà líle kù lóòótọ́, kò dí i lọ́nà. Ọmọ tó bá sì jẹ́ SS, ewu tirẹ̀ ga gan-an, ẹ kàn sí dókítà rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Èmi náà ti kó sí i rí. Ọdún karùn-ún tí mo dé ìlú yìí, mo kó àwọn ọmọ lọ sílé fún Kérésìmesì. Mo ra oògùn tiwọn, mo ń fún wọn láràárọ̀, n kò ra tèmi. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn tí a padà dé, mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta lé ara wọn níwájú hítà, eyín mi ṣì ń gbá ara wọn pa. Mo ní ọ̀fìnkìn òtútù ni. Nígbà tí wọ́n bi mí ní ọsíbítù pé kí ló ṣe mí, ọ̀fìnkìn náà ni mo sọ, wọ́n sì fún mi ní paracetamol, wọ́n ní kí n máa lọ. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí lójú tó ní, "Ìyàwó, ojú ẹ ti pọ́n bí ọsàn. Ibà lèyí." Òrùka ìgbéyàwó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, kì í ṣe ike dókítà lọ́rùn. Òun ló mọ̀ ọ́n, èmi nọ́ọ̀sì ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá kàn. Ìjọba ò ń san owó rẹ̀ fún yín níbí, àpò yín ló ti máa jáde, fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ó sì máa ń dunni. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo sábà máa ń yàn fún àwọn ọmọdé ni atovaquone àti proguanil tí wọ́n pò pọ̀, Malarone lọ̀pọ̀ ń pè é. Ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra lẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́ níbẹ̀, ẹ ó sì lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé. Doxycycline kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 níbí. Mefloquine wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, àmọ́ kì í bá gbogbo orí mu. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye tó máa lò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e wá ká wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé oògùn àgbàlagbà sí mẹ́rin fún un.

Oògùn Sunday-Sunday tí màmá yín ń fún yín nígbà yẹn ńkọ́? Àti Nivaquine tó ń mú ara yún wa? Kòkòrò ibà ti mọ ọwọ́ àwọn yẹn, wọn kò ràn án mọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà máa ń rò pé bí òun bá ti lo tòun, ó ti gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kò dé ibẹ̀. Tọmọ lọ́tọ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa fún un: ẹ fọ́ ọ kúnná láàárín ṣíbí méjì, ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí rẹ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì, ẹ rọra pò ó. Ẹ jẹ́ kó ti jẹun tàbí kó mu mílíìkì, ọ̀rá inú oúnjẹ ló ń mú kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Bó bá bì í jáde kí wákàtí kan tó pé, ẹ fún un ní òmíràn, torí náà ẹ ra ìlò ọjọ́ bíi mélòó kan lé. Ó korò díẹ̀. Ọmọ mi kejì á pa ẹnu dé bí ìgbín tó rí iyọ̀. Ohun tó gbà mí ni kí n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ lo tirẹ̀ lójú rẹ̀, kí n sì pàtẹ́wọ́ bí aláriwo.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé Heathrow, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í kó ibà ranni? Bí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, kòkòrò tó fi sílẹ̀ kì í dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń sá sí, yóò máa bímọ níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni yóò tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí ibà á bẹ̀rẹ̀. Malarone ń bá a nínú ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 7 fi tó o. Doxycycline àti mefloquine ń dúró dè é nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 4. Ẹni tó bá ju páálí oògùn sínú dùrọ́ọ̀ lọ́jọ́ tó padà dé ti ná gbogbo owó yẹn dànù.

Oògùn nìkan ò sì tó. "Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti dé, ẹ̀fọn ò sí." Mo gbọ́ èyí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, lẹ́nu àbúrò, lẹ́nu onítakisí. Lóòótọ́ ni wọ́n dínkù, àmọ́ gọ́tà ẹ̀yìn ilé kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù omi tí ẹnì kan gbàgbé láti dé. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń jẹ. Àkókò yẹn gan-an ni òwàǹbẹ̀ oṣù Kejìlá ń gbóná: ọmọ wọ léèsì kékeré aláìlápá, ẹsẹ̀ wà ní ìhòòhò lábẹ́ tábìlì, ago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, olórin ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kì baba olówó. Ẹ fi ìpara tó ní DEET, oògùn tó ń lé ẹ̀fọn, pa ojú ara tó ṣí sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìdá 50 nínú 100 ló dáa jù, wọ́n sì gbà á fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 2. Ẹ má fi sí i lọ́wọ́, yóò kì í sẹ́nu. Ní alẹ́, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ni. Ẹ gbé e láti ibí, nítorí NEPA lè mú iná, fáànù á dúró, jẹnẹrétọ̀ á sì ti sùn.

Ti abẹ́rẹ́, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Táífọ́ọ̀dù wà láti ọdún 2, ọ̀fẹ́ ni níbí. Abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, tó ń fún yín ní yẹ́lò káàdì, ẹ máa sanwó rẹ̀. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti oṣù Keje ọdún 2016, káàdì náà kì í parí mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún 10 dẹ́rù bà yín ní pápákọ̀. A kì í gún un fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 rárá, oṣù 9 la sì sábà máa ń dúró dè. Abẹ́rẹ́ èéyi sì wà tí a ní láti fi ọ̀sẹ̀ 4 ya sọ́tọ̀ sí i. Ibí ni ìṣirò ti ń dojú rú fún àwọn tó bá wá bá mi lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ni kí ẹ wá. Bó bá sì ti pẹ́, ẹ ṣì wá.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọgbọ́n. Màmá ti ń retí ọmọ yìí fún ọdún kan gbáko. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n fa aṣọ òfì kékeré jáde, èyí tí wọ́n fi pọn baba ọmọ náà fúnra rẹ̀, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo iyàrá. Káńfọ̀ funfun rogodo yẹn ni mo ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo ẹrù ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù, ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa èéfín káńfọ̀ sínú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sára, ojú rẹ̀ á pọ́n. Fún ìkókó, ó lè dé ọpọlọ. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó kan ọmọ lára. Agbo náà: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú tàbí mílíìkì rẹ̀ tó o, kò nílò agbo, kò nílò omi tútù.

Ta ló máa wá sọ èyí fún màmá? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni. Kì í ṣe ìyàwó ló yẹ kó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa sọ fún ìyá ọkọ pé agbo rẹ̀ ò dáa. Ẹ pe màmá yín lórí fóònù láti ìsinsìnyí, ẹ ní, "Màmá, dókítà ní ká má fún un ní agbo o, ẹ bá mi ṣọ́ wọn." Ẹ sọ wọ́n di aṣọ́nà oògùn ibà ọmọ náà. Màmá tí mo fún níṣẹ́ yẹn rí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ṣáì lówùúrọ̀ kí ọmọ tó gba oògùn rẹ̀.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ńlá. Òwúrọ̀ á tutù, ọ̀sán á jóni, eruku á bo gbogbo nǹkan, ètè á sán. Òrí ni, ẹ fi pa ètè, ẹ fi pa gìgísẹ̀. Ọmọ tó ní àsímà, ẹ gbé ìfasímú rẹ̀ méjì dání, ọ̀kan nínú àpò tí ẹ gbé wọ bàálù. Ẹ gbé síìtì ọkọ̀ ọmọ lọ pẹ̀lú. Ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn lóṣù Kejìlá, ọmọ tó jókòó lórí itan ìyá níwájú ọkọ̀ ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀fọn lọ. Bí ajá bá sì bu ọmọ jẹ, kódà ajá ilé tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ó padà dé. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, tàbí kí ọdún tó yí po, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sí ọsíbítù, bí ẹ tilẹ̀ lo gbogbo oògùn yín tán. Ibà ọmọdé lè yí padà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi kí ẹ wá máa sọ ọ̀fìnkìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín ní ọsíbítù ni pé Nàìjíríà lẹ ti dé, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dé, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọn ò bá rí i lẹ́ẹ̀kíní, kò tíì parí. Ó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo ti ń kọ gbólóhùn yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì sí páálí kékeré kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa padà àti orúkọ oògùn tí wọ́n lò. Mo máa ń ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kí wọ́n má yọ ọ́ títí Kérésìmesì mìíràn á fi dé.