Alágbàtà iná ni kẹ́ ẹ máa pe DC-DC charger o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, torí ó ti ń sú mi. Ẹ̀rọ tó máa ń wà láàárín bátìrì mọ́tò àti bátìrì kárafáànù, tí mọ́tò fi ń ṣájì bátìrì ilé orí táyà tó ń fà lẹ́yìn, a ò tíì ní orúkọ gidi fún un lẹ́nu wa. Àwọn kan ń pè é ní ṣájà disí-sí-disí. Láti disí, ìyẹn irú iná tó ń wà nínú bátìrì, lọ sí disí, kí ni ìyẹn sọ fún ẹni tó ń gbọ́? Á rò pé nǹkan kan náà ló wọlé tó sì jáde, á wá béèrè pé kí lòun ń rà á fún nígbà tí wáyà lásán náà lè gbé disí dé ẹ̀yìn. Ìbéèrè yẹn gan-an làwọn réwáyà wa ní Ìwó Road máa ń bi èèyàn, mi ò sì lè bá wọn wí, orúkọ yẹn ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Àwọn míì ní "ayíná-padà". Ìyẹn ò gba àkókò wa, gbogbo Ìbàdàn ló máa rò pé ìnfátà lẹ ń sọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "amúnádọ́gba", torí ẹni tó ń lò ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi nídìí iṣẹ́ sólà ní Apẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, rílèè ló ń mú iná dọ́gba. Rílèè, ìyẹn súìsì tí iná fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa, á kàn so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ohun tí alternator (ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde lára ẹ́ńjìnnì) bá ní níwájú, ìyókù tí wáyà bá jẹ kù ló máa dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Alternator mú 14 volt jáde, wáyà kọ́pà oní 2.5 mm² gùn tó mítà 7 kó tó dé inú kárafáànù, mítà 7 míì ló sì máa fi padà, tẹ́ ẹ bá ní kí 20 amp gbà á kọjá, wáyà yẹn nìkan á jẹ nǹkan bíi 2 volt. Ó ku 12. Bátìrì tó ń wá 14.4 kó tó lè kún, 12 lẹ gbé fún un, iná ò tiẹ̀ ní wọlé mọ́, 20 amp tẹ́ ẹ ń retí ò ní dé ibẹ̀ láyé. Tẹ́ ẹ bá lo 10 mm², 0.5 volt ló máa sọnù, ó sàn gan-an, àmọ́ ẹ ò tíì bọ́, torí àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí láti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ wọn ni alternator wọn ti gbọ́n, tí bátìrì iwájú bá ti kún tó ohun tó fẹ́, á dín volt kù kí epo má baà jó púpọ̀, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 12.5 nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí eré. Dídọ́gba pẹ̀lú ìyẹn kọ́ la fẹ́. Ẹ̀rọ yìí, torí pé a ò fẹ́ kí wọ́n dọ́gba ni wọ́n ṣe ṣe é!

Alágbàtà iná lèmi ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ wo ìyá tó ń kó ata wá sí Bódìjà. Iye tí ata jẹ́ lóko lónìí lè máà jẹ́ iye ẹ̀ lọ́la, ó lè wálẹ̀, ó lè gbówó lórí, ìyá yẹn á ṣì rà á, ṣùgbọ́n tó bá dé Bódìjà, iye ọjà ló máa tà á, kì í ṣe iye oko. Iye owó yẹn ni volt. Àgbẹ̀ ò mọ ẹni tó jẹ ata òun, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ ò mọ oko tó ti wá, ìdí nìyẹn tí fíríìjì inú kárafáànù ò fi lè fa bátìrì mọ́tò gbẹ lóru. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, oko ti pa nìyẹn, ìyá ò ní lọ máa hú gbòǹgbò ata àgbẹ̀. Iye apẹ̀rẹ̀ tó lè gbé náà ló máa rà, 20 amp tàbí 30 tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lo bátìrì lithium, torí lithium ò mọ ìwọ̀n, á máa gba gbogbo ohun tí alternator bá ní, tẹ́ ẹ bá wá wà nínú gò-sìlò tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́ tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ sí i dáadáa, alternator lè gbóná jó.

Wọ́n ní orúkọ alágbàtà ò dáa, pé àwọn ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Mo gbọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni orúkọ náà ti bá a mu jù, torí ẹ̀rọ yìí ń mú tiẹ̀ náà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tó gbà ló lè di ooru lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní irin oníwálawàla lẹ́yìn, tí ẹ ò sì gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó tàbí kẹ́ ẹ tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí atẹ́gùn ò dé. Ẹni tó bá gbọ́ "amúnádọ́gba" ò lè ronú kan ìyẹn láé. Ẹni tó gbọ́ "alágbàtà" ti mọ̀ pé èrè kan máa lọ.

Orúkọ náà tún gba sólà láyè. Ọ̀pọ̀ alágbàtà iná báyìí ló ní ẹnu méjì, ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún páńẹ́lì, oko méjì ló ń rà níbẹ̀ kó tó tà ní iye kan ṣoṣo. Páńẹ́lì 100 watt tó jẹ́ ti bátìrì 12 volt máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 18 volt, tí ẹ bá tú u lára ohun tó ń lò ó, ó lè sún mọ́ 22, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ bátìrì ní tààràtà. 

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé mọ́tò àti sólà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Bátìrì ásíìdì máa ń yára gba iná dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyókù á wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fipá mú un. Ẹni tó fa kárafáànù láti Ìbàdàn dé Èkó, kó tó dé ibẹ̀ mọ́tò ti ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ kò lè parí ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ló máa parí ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀ (ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí páńẹ́lì o, torí iná tó ń jẹ kúrò níbẹ̀ ò kéré). Bátìrì ásíìdì tí kì í kún dé òkè kì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí tí sólà kékeré fi níye lórí nìyẹn, kódà fún ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́. Tí àwọn méjèèjì bá sì ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan náà wọn ò ní bára wọn jà.

Wáyà wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo 30 amp tí wọ́n kọ sára alágbàtà, wọ́n á ra wáyà 30 amp fún ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Rárá o. 30 amp ní 14.4 volt jẹ́ 432 watt, ẹ fi èyí tó máa di ooru kún un, ó di 480, tó bá jẹ́ 12 volt ló ń dé ibẹ̀, 40 amp ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. 40 yẹn ni kẹ́ ẹ fi yan wáyà, kẹ́ ẹ sì fi fíùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì iwájú àti ẹ̀gbẹ́ bátìrì ẹ̀yìn, nítorí iná wà ní orí méjèèjì.