Bí Èèyàn Ṣe Ń Gbé Dumaguete Ṣiṣẹ́ fún Ilé Iṣẹ́ Òkè Òkun

Dumaguete wà létí òkun, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Negros, ní orílẹ̀-èdè Philippines. Òun ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Negros Oriental. Èèyàn 134,103 ni ètò ìkànìyàn ọdún 2020 kà níbẹ̀, nítorí náà kò súnmọ́ Manila tàbí Cebu rárá ní títóbi. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jókòó nínú ilé níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò ni àwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ Philippines tó ń bá oníbàárà tí wọn kò fojú rí rí ṣe ìṣirò owó, tí wọ́n ń bá a dáhùn lẹ́tà, tàbí tí wọ́n ń bá a ya àwòrán ìpolówó. Òkè òkun ni owó iṣẹ́ náà ti ń wá, ṣùgbọ́n òpó iná tó wà ní ìkóríta àdúgbò ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Valencia, ìlú kékeré tó wà lórí òkè lẹ́yìn Dumaguete, oru gbígbóná tó ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní Palinpinon láti ọdún 1983. Iná tí wọ́n pèsè níbẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ tààrà wá sí ìsàlẹ̀ òkè. Inú okùn ńlá tó so àwọn erékùṣù Visayas, tó wà láàárín Philippines tí Negros sì wà lára wọn, pọ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ̀, kí NORECO II tó gbà á láti ibẹ̀, kí ó sì pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni NORECO II, àwọn tó ń lo iná náà gan-an sì ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó lè mú iná lọ kò ju mélòó kan lọ: ẹ̀ka igi tó já lu wáyà, òpó tó wó, àtúnṣe tí wọ́n ti kéde ṣáájú, tàbí kí iná má tó lórí okùn ńlá náà. Brownout ni àwọn ará ìlú ń pè é, yálà ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó ti gbé Ìbàdàn tàbí Èkó rí kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún un, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kó mọ̀. Nítorí pé iná sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, gbogbo àdúgbò ló ń wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní kú, nítorí pé bátìrì wà nínú rẹ̀. Ráútà tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ló ń kú, òun àti àpótí kékeré tí wáyà fáíbà, èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ̀ lára ògiri, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti London á sì dúró gbagidi láàárín gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ iná tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì yìí ń jẹ kéré gan-an. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà, tí kò tóbi ju ìwé kan lọ, lè gbé wọn fún wákàtí mélòó kan. Nínú gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè rà, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí tí àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ bọ̀ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tún rántí pé ihò pẹlẹbẹ méjì ni ojú iná ibẹ̀ ní, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wa kò lè wọ̀ ọ́.

Bátìrì inú ilé nìkan kò tó, nítorí pé àpótí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́bàá títì náà nílò iná. Tí bátìrì tirẹ̀ bá tán, ìlà fáíbà náà á dákẹ́, gbogbo àdúgbò á sì rọ́ lọ sórí dátà fóònù, èyí tó ń mú kí òun náà falẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ní ọ̀nà méjì tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: fáíbà láti ọ̀dọ̀ PLDT, Globe tàbí Converge, àti síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé ohun tó bá gé fáíbà ilé iṣẹ́ kan lè gé dátà rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2023, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì ojú òfuurufú wá, ti wọ Philippines, ó sì ṣe pàtàkì fún àwọn abúlé etíkun tí wáyà kò dé. Nígbà tí ìjì líle tí wọ́n pè ní Odette jà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ibi ní Visayas ni kò rí iná tàbí ìlà ìbánisọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Irú ìyẹn kọjá ohun tí bátìrì lè yanjú, ó sì yẹ kí èèyàn ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú.

Àkókò ni ohun tó kàn. Philippines fi wákàtí méje ṣáájú Nàìjíríà, kì í sì í yí aago rẹ̀ padà láàárín ọdún. London àti New York ń yí tiwọn, nítorí náà iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀ ní London máa ń bọ́ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní Dumaguete nígbà ẹ̀rùn wọn, àti aago 5 nígbà òtútù. Ti New York le jù, nítorí pé nígbà òtútù, aago 10 alẹ́ ni iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, aago 6 òwúrọ̀ ni yóò sì parí. Ní àkókò yẹn, àwọn tó ń ta oúnjẹ òwúrọ̀ nínú ọjà ìlú ti ń ta budbud, ìrẹsì tó ń fà tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ṣokoléètì gbígbóná nínú ife àti máńgòrò pípọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru á sì jókòó ti ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀. Oorun ọ̀sán ló kù, àkùkọ àti ariwo videoke, ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn fi ń kọrin, sì kì í jẹ́ kó rọrùn. Tí ariwo bá pọ̀ jù, ọ́fíìsì barangay, ìjọba àdúgbò tó kéré jù lọ, ni wọ́n ń mú ẹjọ́ lọ.

Ilé gbígbà rọrùn ju ti Èkó lọ, nítorí pé oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ilé. Ó wọ́pọ̀ kí onílé gba owó oṣù kan ṣáájú pẹ̀lú ti oṣù méjì fún ìdógò. Kí èèyàn tó sanwó, ó yẹ kó bi àwọn aládùúgbò léèrè ilé iṣẹ́ tí fáíbà rẹ̀ dé ojúlé náà gan-an.

Ìwé ìgbélùú ló sábà máa ń fa ìdààmú. Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ń fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ti Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra. Ọ́fíìsì aṣọ́bodè tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú àlejò (Immigration) wà ní Dumaguete, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ kún ọjọ́. Tí èèyàn bá kọjá ọjọ́ 59, ó gbọ́dọ̀ gba káàdì ìdánimọ̀ àlejò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Marcos fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá físà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ti òkèèrè gba owó iṣẹ́, fún ọdún kan tó ṣeé tún ṣe. Ó ní àwọn ìdènà, ọ̀kan nínú wọn ni pé orílẹ̀-èdè ẹni náà gbọ́dọ̀ máa fún ọmọ Philippines ní irú físà kan náà.

Ní ti owó orí, ọmọ Philippines tó ń dá ṣiṣẹ́, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta peso lọ, lè yàn láti san ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé ní 250,000 peso. Àlejò tó lo ju 180 ọjọ́ lọ láàárín ọdún kan gbọ́dọ̀ bi onímọ̀ owó orí léèrè ipò tí òfin tò ó sí. Ẹni tó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ aṣọ́bodè pé kò jẹ gbèsè, kò sì ní ẹjọ́ lọ́rùn, kó tó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Kó má ṣe fi í di ọjọ́ tó kẹ́yìn.