Kí ni wọ́n ń pè ní "fíìmù tó sọnù"? Ọ̀rọ̀ Theda Bara

Ẹ po tíì, ẹ ju hóró ṣúgà kan sí i. Kí ṣúgà yẹn tó yọ́ tán, ẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wo gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú Cleopatra, fíìmù tí Theda Bara, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 1917. Fíìmù bíi wákàtí méjì ni o. Wọ́n kọ́ ààfin nítorí rẹ̀ ní Kalifóníà, wọ́n kó èrò rẹpẹtẹ jọ láti ṣe ọmọ ogun, ó sì pa owó gọbọi fún iléeṣẹ́ Fox tó ṣe é. Lónìí, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Obìnrin kan nínú aṣọ ayaba, ó mira díẹ̀, ó tán.

Irú nǹkan báyìí ni àwọn tó ń fi ìtọ́jú fíìmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ ṣe ń pè ní "fíìmù tó sọnù". Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ìtumọ̀ tó le díẹ̀. Fíìmù tí ẹ wá lórí YouTube tí ẹ ò rí kò tíì sọnù. Ó sọnù nígbà tí a kò bá mọ ibì kan mọ́ láyé tí ẹ̀dà rẹ̀ wà: kò sí nègátíìfù tí wọ́n fi kámẹ́rà gbà, kò sí ẹ̀dà tí ilé sinimá lò, kò sí èyí tí wọ́n sọ di kékeré fún ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé, kò sí lọ́wọ́ ìjọba, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Ẹ fiyè sí "a kò mọ̀" yẹn, a ó padà bá a níwájú. Fọ́tò tí wọ́n yà níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ìwé ìpolówó, ohun tí ìwé ìròyìn kọ, gbogbo wọn lè pọ̀ jaburata, fíìmù náà ṣì sọnù síbẹ̀. Fọ́tò iyán kì í yóni.

Ti Cleopatra, fọ́tò rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú Theda Bara fi dà bí ẹni pé a mọ̀ ọ́n: tìróò dúdú kirikiri yí ojú méjèèjì ká, ejò irin dè é láyà. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀. Fíìmù bí 40 ló ṣe láyé rẹ̀. Èyí tó kù lódindi, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, kò ju bíi mẹ́fà lọ, ọ̀kan sì wà nínú mẹ́fà yẹn tó jẹ́ pé fìrí lásán ló kọjá níbẹ̀.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Theodosia Goodman. Ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1885, aránṣọ ni bàbá rẹ̀, Júù tó wá láti Pólàńdì. Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí New York, ó ṣeré lábẹ́ orúkọ Theodosia de Coppet, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ìtàgé níbẹ̀, lọ́dún 1908, kò sì sẹ́ni tó kà á sí gan-an. Ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kí fíìmù tó pè é. Ní oṣù Kìíní ọdún 1915 ni A Fool There Was jáde, eré obìnrin kan tó gba ọkùnrin lọ́wọ́ aya àti ọmọ, tó fà á mu bí ọsàn, tó sì ju èèpo rẹ̀ nù. Orí ewì kan tí Rudyard Kipling kọ lọ́dún 1897 ni eré náà ti ṣẹ̀ wá, ewì náà sì pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní "vampire", ẹ̀mí amùjẹ̀ inú ìtàn àwọn Òyìnbó. Àwọn èèyàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú sí "vamp", ó sì lẹ̀ mọ́ Theda Bara. (Ẹ má sáré túmọ̀ rẹ̀ sí àjẹ́ o. Kò sí ẹyẹ, kò sí òru, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú fíìmù yẹn. Ẹwà àti owó ọkùnrin ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀.)

Fox wá bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún aráyé. Wọ́n ní abẹ́ òjìji ère Sphinx ti Íjíbítì ni wọ́n bí i sí ní aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà ará Ítálì ni bàbá, òṣèré ará Faransé ni ìyá. Wọ́n ní tí èèyàn bá tún lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tò, yóò fún un ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó túmọ̀ sí "ikú Lárúbáwá". Ìyẹn bá lẹ́tà mu lóòótọ́, àmọ́ Theda jẹ́ ìkékúrú Theodosia, Bara sì wá láti inú orúkọ kan ní ìdílé ìyá rẹ̀. Ọmọ aránṣọ tí kò dé Íjíbítì rí! Owó rẹ̀ gòkè láti 150 dọ́là lọ́sẹ̀ dé 4,000 dọ́là. Láàárín 1915 sí 1919 ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Fort Lee, New Jersey, kí iṣẹ́ fíìmù tó kó lọ sí Kalifóníà tán.

Ní 1920, nígbà tí Fox ti jẹ́ kó máa lọ, ó padà sórí ìtàgé ní Broadway nínú eré The Blue Flame. Àwọn oníròyìn fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn ṣì ń sanwó láti wá rí i lójúkojú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ṣeré orí ìtàgé mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pa aṣọ ìkélé dé, eré alẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kó kù. Fíìmù ló wá ṣèlérí pé ohun tí òṣèré ṣe lónìí yóò wà fún ọmọ ọmọ. Ìlérí yẹn ni kò ṣẹ, ohun tó sì fà á bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí wọ́n fi ṣe fíìmù gan-an.

Òwú ni. Òwú tí wọ́n rì sínú ásíìdì títí ó fi di nǹkan mìíràn, tí wọ́n wá fi káńfọ̀ mú rọ̀ kó lè ṣeé ká. Náítíréètì ni wọ́n ń pè é. Òwú kan náà, tí ásíìdì bá wọ̀ ọ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn tí kì í rú èéfín. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni fíìmù ìgbà yẹn àti ẹ̀tù. Bí iná bá ràn án, kò nílò afẹ́fẹ́ ìta, ó gbé èémí tirẹ̀ dání. Bí ẹ bá rì í sómi, yóò máa jó lábẹ́ omi. Bí kò bá sì rí iná, ó ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: àwòrán á ṣá, fíìmù á máa lẹ̀ mọ́ra, á yọ èéhó, níkẹyìn á di lẹ́búlẹ́bú pupa bí ìpẹtà lára irin. Ooru ló ń mú gbogbo èyí yá. Èyí tó bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ sì máa ń tètè gbiná ju tuntun lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1937, ooru mú gidigidi ní Little Ferry, New Jersey, níbi tí Fox kó fíìmù àtijọ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Gáàsì tó ń jáde lára àwọn fíìmù tó ń jẹrà kún inú ilé náà, ó gbiná, ó sì bú gbàmù ní òru. Ọmọdékùnrin kan kú nínú ìjàǹbá yẹn. Róòlù fíìmù tó lé ní 40,000 ló jóná, àwọn fíìmù aláìlóhùn tí Fox ṣe ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Theda Bara bá a lọ. Òṣèré mìíràn wà, Valeska Suratt, tí òun náà ti orí ìtàgé wá, tí Fox sì lò fún irú ipa kan náà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kù nínú fíìmù tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru iná, ṣùgbọ́n. Ẹ̀dà tó jóná ní Little Ferry kì bá tí jẹ́ nǹkan bí ẹ̀dà mìíràn bá wà níbòmíràn. Wọn ò sí, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1927 tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èyí tí kò sọ̀rọ̀ di ẹrù lọ́rùn oníṣòwò: ó ń gba àyè, ó lè jó ilé, kò mówó wọlé mọ́. Fádákà wà lára fíìmù, òun ló ń gbé àwòrán dúró, torí náà àwọn mìíràn wẹ fíìmù nínú kẹ́míkà kí wọ́n lè rí fádákà yẹn tà. Lọ́dún 1948, iléeṣẹ́ fíìmù Universal mọ̀ọ́mọ̀ pa àwọn fíìmù aláìlóhùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ run.

Òṣèré kò sì ní nǹkan kan sọ sí i. Owó ọ̀sẹ̀ ni Theda Bara ń gbà, Fox ló ni fíìmù. Ẹ fi wé òṣèré Mary Pickford, tí òun àti ẹ̀ jọ gbajúmọ̀ lásìkò kan náà. Pickford di ọ̀gá ara rẹ̀, ó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ fíìmù United Artists sílẹ̀ lọ́dún 1919, ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1940, ó kó wọn fún Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè wo Pickford lónìí. Èmi ò gbà pé ó mọ eré ṣe ju Bara lọ ló fà á. Ṣé a tiẹ̀ lè mọ̀?

Ilé ìkàwé kan náà ló tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2013 lórí àwọn fíìmù aláìlóhùn gígùn tí Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1912 sí 1929. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000. Èyí tó kù lódindi bí wọ́n ṣe ṣe é jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ pátápátá.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti bébà. Kó tó di 1912, òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà (copyright) ní Amẹ́ríkà kò mọ ohun tó ń jẹ́ fíìmù, fọ́tò ló mọ̀. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ forúkọ fíìmù rẹ̀ sílẹ̀ á tẹ àwòrán inú rẹ̀ sórí bébà gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ká a bí ẹni ká òwú, á sì kó o lọ fún ilé ìkàwé ìjọba. Bébà kì í gbiná fúnra rẹ̀. Ó lé ní 3,000 fíìmù tí irú bébà bẹ́ẹ̀ pa mọ́, tí wọ́n sì tún fi kámẹ́rà yà padà sórí fíìmù ní nǹkan bí ogójì, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí òfin wá dá fíìmù mọ̀ lọ́dún 1912, kò sídìí fún bébà mọ́. Fíìmù gangan ni wọ́n ń kó wá, ilé ìkàwé sì ń dá a padà fún oníǹkan torí ẹ̀rù iná. Bébà ló jẹ́ kí fíìmù bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí èèyàn kan ti ń sín níwájú kámẹ́rà lọ́dún 1894 wà títí dòní. Theda Bara wọ iṣẹ́ fíìmù ní 1914, nígbà tí bébà ti kógbá sílé.

Mo ní ká rántí "a kò mọ̀". Ohun tó sọnù lè di rírí, nítorí àìmọ̀ wa ni orúkọ náà ń sọ. East Lynne tí Bara ṣe ní 1916 wà lára àwọn tó sọnù títí di 1971 tí ẹ̀dà kan yọjú. Ní Dawson City, ìlú kan ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún, wọ́n hú róòlù 533 jáde láti abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún 1978. Ìlú yẹn ni òpin ọ̀nà tí àwọn fíìmù ń rìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó láti dá wọn padà, wọ́n wá fi wọ́n dí odò ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí wọn ò lò mọ́. Ilẹ̀ tó dì bíi yìnyín ló tọ́jú wọn.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976, láti inú ìtàn tí Abubakar Tafawa Balewa kọ, ni àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i padà lọ́dún 2016 láàárín àwọn fíìmù tó wà níkàáwọ́ ìjọba, wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ lọ́dún 2018. Náítíréètì kọ́ ni irú fíìmù àkókò yẹn. Àsítéètì ni, èyí tí kì í gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá bà á jẹ́, ó máa ń rùn bí ọtí kíkan. Ẹni tó bá wọ yàrá tí wọ́n kó irú wọn sí láìsí ẹ̀rọ amúlétutù yóò ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Theda Bara ṣe fíìmù kẹ́yìn lọ́dún 1926, ó ti fẹ́ Charles Brabin tó ń darí fíìmù, ó jókòó sílé, ó sì kú ní Los Angeles lọ́dún 1955. Kò sọ̀rọ̀ rí nínú fíìmù kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń jáde ní kíkọ sójú àwòrán ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 1936, wọ́n pè é sí ètò eré orí rédíò kan, ó sì dá sí ọ̀rọ̀ pé òun ń ronú láti padà sí fíìmù. Kò padà. Wọ́n gba ètò ọjọ́ yẹn sílẹ̀, ó ṣì wà, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohùn jẹ́jẹ́ obìnrin ará Ohio kan, kò sí Sàhárà kankan níbẹ̀.