Fọ́tògírámẹ́tírì: Bí Fọ́tò Ṣe Ń Tú Àṣírí Ògiri Tó Ń Sún

Bí wọ́n bá gé ilẹ̀ tó ga kí ilé lè rí àyè jókòó, ògiri ni wọ́n máa ń mọ síbẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ má baà ya lulẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò tí ilẹ̀ kò tẹ́jú ní Òṣogbo, bíi Òkè-Baálẹ̀. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Tí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá rin gbingbin, tí ihò tí omi ń gbà jáde sì ti dí, omi àti yẹ̀pẹ̀ yóò jọ máa tì í síwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò ti sún ní mìlímítà bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Fọ́tògírámẹ́tírì ni ọgbọ́n wíwọn nǹkan láti inú fọ́tò. Albrecht Meydenbauer, ará Jámánì tó ń fi fọ́tò wọn ilé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1867. Ẹni tó bá fi ojú kan ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ojú méjì la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Nítorí náà, fọ́tò kan kò tó. Ẹ máa rìn lọ níwájú ògiri, kí ẹ máa yà á, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì ní tó ìdá 70 nínú 100 ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú. Kọ̀ǹpútà yóò wá igun búlọ́ọ̀kù kan náà nínú fọ́tò mẹ́ta-mẹ́rin, yóò sì ṣírò ibi tó wà gan-an. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tó ń dán, máa ń dà á láàmú. Ẹ lẹ bébà alámì mọ́ ọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù rèé: fọ́tò kò mọ mítà yàtọ̀ sí sẹ̀ńtímítà. Ẹ gbé ọ̀pá tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ tún lẹ àmì mọ́ ibi tí kò lè sún, bí ara ilé tó fìdí múlẹ̀ ní òdìkejì títì. Tó bá jẹ́ ara ògiri nìkan ni gbogbo àmì wà, wọn yóò bá a sún, ìṣirò yóò sì máa sọ pé kò sí ewu.

Ẹ ya ti àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì kí òjò tó dé, kí ẹ tún un yà láàárín òjò, kámẹ́rà kan náà ni kí ẹ lò. Bí orí ògiri bá ń tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ dojú dé. Bí ìsàlẹ̀ bá ń sún, ìpìlẹ̀ ló ń yọ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ, agbára ògiri fúnra rẹ̀ ló ń tán. Fọ́tò kò rí omi tó há sẹ́yìn o. Tí ìwọ̀n bí ògiri ṣe ń sún bá ń pọ̀ sí i, ẹ pe ẹnjiníà, kí ẹ sì kó àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ ògiri náà kúrò níbẹ̀ kí ẹnjiníà náà tó dé.