Ibi Tí Àwọ̀ Aró Inú Òkúta Larvikite Ti Wá

Ní ojú ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé ọtí àtijọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, òkúta dúdú kan wà tí wọ́n fi bo ara ògiri, tí ó ń dán bí dígí, tí ó sì ń kọ mànà aláwọ̀ aró sí ẹni tó bá ń kọjá. Bí ènìyàn bá dúró sí ojú kan, ibì kan tó tóbi tó èékánná lára òkúta náà yóò tàn yòò. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ìyẹn yóò ṣú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì tàn. Larvikite ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Àwọn oníṣòwò òkúta ń pè é ní Blue Pearl bí ó bá mọ́ díẹ̀, wọ́n ń pè é ní Emerald Pearl bí ó bá ṣókùnkùn, wọ́n sì sábà máa ń kà á mọ́ gíránáìtì. Kì í ṣe gíránáìtì. Kò sì sí ohun aláró kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí jẹ́ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú òkúta kan tó rọra tutù lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 295 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ká ní ó yára tutù jù, tàbí pé nǹkan mìíràn dí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó dì tán, àwọ̀ náà kì bá tí wà.

Orúkọ Larvik, ìlú èbúté kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ni wọ́n fi sọ òkúta yìí. W. C. Brøgger, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nọ́wè, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ káàkiri ayé nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1890, àwọn ará Nọ́wè sì yàn án ní ọdún 2008 gẹ́gẹ́ bí òkúta orílẹ̀-èdè wọn.

Kí larvikite tó lè wà, ilẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ya. Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ṣì lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí ibi tí à ń pè ní Nọ́wè lónìí sì súnmọ́ agbedeméjì ayé ju bó ṣe wà báyìí lọ fíìfíì, èèpo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í nà ní agbègbè ìlú Oslo. Bí ó ti ń nà ni ó ń fẹ́lẹ́. Ilẹ̀ tó wà láàárín rì wálẹ̀, àwọn òkè ayọnáyèéfín sì ń tú òkúta yíyọ́ jáde láti ojú ibi tó ti là. Ilẹ̀ náà kò ya dé ibi tí òkun yóò fi wọ àárín rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ohun tó sì ṣẹ́kù di àfonífojì gígùn kan tó kún fún onírúurú òkúta àtinúiná, tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ wò láti ayé Brøgger títí di òní.

Ìtàn yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn àpáta tí ọmọ Yorùbá mọ̀ jù, bí Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè. Gíránáìtì gidi nìwọ̀nyẹn, wọ́n sì wáyé ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá ń fún ara wọn pọ̀, tí èèpo ayé ń nípọn sí i, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ́. Òkúta yíyọ́ tó bá ti ara èèpo ayé jáde máa ń ní sílíkà, ìyẹn sílíkọ́nì tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, lọ́pọ̀lọpọ̀. Sílíkà tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì yòókù ti mú ìpín tiwọn ni ó ń di quartz, àwọn hóró tó rí bí ìfọ́ dígí tí a máa ń rí nínú gíránáìtì. Nínú larvikite, quartz kì í sí, tàbí kí ó má tó nǹkan, nítorí pé ọ̀nà tó jìn ju ìyẹn lọ ni òkúta yíyọ́ tirẹ̀ ti wá.

Ìpele tó wà lábẹ́ èèpo ayé ni orísun rẹ̀. Nígbà tí èèpo ayé fẹ́lẹ́, ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà lórí ìpele yìí dínkù, apá kékeré nínú rẹ̀ sì yọ́. Òkúta yíyọ́ náà gun òkè, ṣùgbọ́n ó há sí ìsàlẹ̀ èèpo ayé, ó sì wà níbẹ̀ pẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn kírísítálì tó wúwo, pàápàá ohun àlùmọ́ọ́nì dúdú tó ń jẹ́ pyroxene, ti kọ́kọ́ dì, tí wọ́n sì yà kúrò lára rẹ̀, wọ́n kó púpọ̀ nínú irin àti magnésíọ̀mù lọ. Ohun tó ṣẹ́kù wá kún fún sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti alumíníọ̀mù, sílíkà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí feldspar, ohun àlùmọ́ọ́nì tó pọ̀ jù nínú larvikite, nìkan yóò lò tán lọ. Ìyókù yìí ló tún gbéra, tó lọ dúró sí ibi tó súnmọ́ ojú ilẹ̀ síi, tó sì dì síbẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gun òkè. Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà, a ó rí i pé larvikite tò ní òbìríkítí-òbìríkítí, èyí tó tuntun ń gé èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kéré lọ́jọ́ orí bí a ṣe ń lọ láti ìhà ìlú Tønsberg ní ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn onímọ̀ mọ ọjọ́ orí wọn nípa wíwọn uranium tó ti di òjé nínú àwọn hóró zircon kéékèèké, ó sì bọ́ sí àárín nǹkan bí 298 sí 292 mílíọ̀nù ọdún. Ohun tó wú ni lórí jù níbẹ̀ ni bí sílíkà ṣe ń yí padà lọ́nà kan náà: àwọn òbìríkítí àkọ́kọ́ ní quartz díẹ̀, àwọn àárín kò ní in, àwọn tó gbẹ̀yìn kò sì ní sílíkà tó, nítorí náà nepheline dì nínú wọn, ohun àlùmọ́ọ́nì tí kì í gbé pọ̀ pẹ̀lú quartz láéláé. Ìyàtọ̀ sílíkà tó fà á kéré gan-an.

Ìṣàn tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tó kún fún àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí kò rí àyè nínú feldspar, dì sínú àwọn ibi tó là ní erékùṣù àti etí omi Langesundsfjord. Lórí Løvøya, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, ni Morten Thrane Esmark ti rí òkúta dúdú kan ní ọdún 1828, inú rẹ̀ sì ni Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Swídìn, ti ṣàwárí ẹ́límẹ́ǹtì tó ń jẹ́ thorium.

Nínú larvikite fúnra rẹ̀, feldspar sábà máa ń gba ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ìyókù jẹ́ àwọn hóró dúdú tó kún àárín: pyroxene, amphibole, biotite, magnetite tí mágnẹ́ẹ̀tì lè fà, nígbà mìíràn olivine, pẹ̀lú apatite àti zircon tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Kírísítálì feldspar rẹ̀ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì máa ń dà bíi dáyámọ́ǹdì inú káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò. Irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ gan-an wà nínú àpáta tí àwọn òkè ayọnáyèéfín ìgbà náà tú jáde, ó sì ń fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni èyí tó dì lókè ilẹ̀ àti èyí tó dì nísàlẹ̀.

Feldspar yìí ni àwọ̀ aró náà ti ń jáde. Átọ́mù sílíkọ́nì, alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ló so kọ́ra láti di egungun rẹ̀, àwọn àlàfo sì wà láàárín wọn tí sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù ń gbà. Pòtásíọ̀mù tóbi ju àwọn méjì yòókù lọ dáadáa. Nígbà tí òkúta náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí ooru rẹ̀ ṣì tó nǹkan bí 900 ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, egungun náà ń gbọ̀n, àlàfo rẹ̀ sì gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú kírísítálì kan. Bí ooru ti ń lọ sílẹ̀ ni àyè ń há, tí pòtásíọ̀mù kò sì lè bá àwọn méjì yòókù gbé mọ́. Ẹni tó bá ti gbé epo pupa sílẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́ mọ irú rẹ̀: èyí tó jẹ́ ọ̀kan nígbà tí oòrùn ń mú yóò pín sí méjì, apá kan yóò dì, èkejì yóò máa ṣàn. Ṣùgbọ́n inú ohun tó ti le tán ni ìpínyà ti feldspar ti wáyé, níbi tí átọ́mù kan kò ti lè rìn jìnnà. Nítorí èyí, kírísítálì náà kò pín sí ẹ̀yà ńlá méjì. Ó pín sí àìmọye ìpele pẹlẹbẹ tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan tó kún fún pòtásíọ̀mù, èyí tó tẹ̀ lé e tó kún fún sódíọ̀mù pẹ̀lú kálísíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Wọ́n tín-ín-rín débi pé bí a bá to igba wọn lé ara wọn, wọn kò ní nípọn tó irun orí kan.

Tín-ín-rín yìí ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn lè rí gùn ní nǹkan bí 400 nanomítà (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà) fún àwọ̀ tó súnmọ́ aró, dé nǹkan bí 700 fún pupa. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú feldspar, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà láti ojú ààlà ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo àárín àwọn ààlà náà bá bá gígùn ìgbì aláró mu, gbogbo ohun tó ń padà yóò gbè fún ara wọn lórí àwọ̀ yẹn, àwọn àwọ̀ yòókù yóò sì pa ara wọn rẹ́. Níbi tí ìpele bá nípọn díẹ̀ síi, mànà rẹ̀ yóò funfun bíi fàdákà. Níbi tí ó bá nípọn jù, feldspar náà yóò kàn ṣú bí wàrà tó dàpọ̀ mọ́ omi, kò sì ní tàn rárá. Àwọn ìpele inú kírísítálì kan kọ ojú sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń tàn tí aládùúgbò rẹ̀ sì ṣú, títí ẹni tó ń wò yóò fi yí ipò padà.

Ìtútù nìkan kò tó. Níbi tí omi gbígbóná ti gba inú àpáta kọjá lẹ́yìn tó dì, omi náà tú àwọn ìpele yẹn, ó sì tún wọn dì ní ìrísí tó tóbi tí kò sì tò mọ́, àwọ̀ aró sì parẹ́. Lágbègbè Tønsberg, irú feldspar tó ti yí padà báyìí pupa rúsúrúsú. Nítorí náà, ẹni tó bá rí larvikite tó ń tàn ti rí àpáta tí omi kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti tutù, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n ju bí ọjà ṣe ń jẹ́ kí a rò lọ. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ ń pè é ní Labrador, bíi pé ohun àlùmọ́ọ́nì labradorite ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn náà máa ń tàn, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù nìkan ni ìpínyà tirẹ̀ wà láàárín wọn.

Láti nǹkan bí ọdún 1880 síwájú ni wọ́n ti ń gé larvikite fún títà. Tvedalen ni ibi tí Blue Pearl ti ń wá jù, Klåstad sì ni ti Emerald Pearl. Wáyà tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ dáyámọ́ǹdì mọ́ ni wọ́n fi ń gé àpáta náà, àìsí quartz sì mú kí ó rọrùn láti gé àti láti dán ju gíránáìtì lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kírísítálì inú àpáta kan kọ ojú sí ọ̀nà tó jọra. Bí wọ́n bá gé òkúta náà ní ìbú nígbà tó yẹ kí wọ́n gé e ní òró, pákó òkúta tó jáde yóò ṣú. Àwọn tó ń gé òkúta gbọ́dọ̀ mọ ìhà tí mànà wà kí wọ́n tó fi wáyà kàn án.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gé ni kì í dé ojú ògiri ẹnikẹ́ni, nítorí ìlà, àbàwọ́n tàbí àwọ̀ tí kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn ìdọ̀tí òkúta ńláńlá yìí ni ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ sí ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń tò wọ́n sí etíkun kí ìgbì má baà jẹ ilẹ̀ lọ. Larvikite sì ti dé etíkun yẹn ṣáájú ọkọ̀ kankan: yìnyín ńlá ìgbà àtijọ́ gbá a láti Nọ́wè, ó sì sin ín sínú amọ̀ pẹ̀lú òkúta mìíràn láti agbègbè Oslo, àwọn onímọ̀ sì ń fi wọ́n tọpasẹ̀ ibi tí yìnyín náà gbà. Lónìí, méjèèjì wà ní etíkun kan náà. Èyí tí yìnyín gbé wá kéré, igun rẹ̀ ti yí, inú amọ̀ ló sì ti ń jáde. Èyí tí ọkọ̀ kó wá tóbi, igun rẹ̀ mú, ojú ihò tí wọ́n fi irin lu sì máa ń hàn lára rẹ̀.