Bí Mọ́tò Tí Í Ṣe Ilé Ṣe Ń Wọ Fẹ́rì Dé Alaska

Láti ìlú Haines sí Skagway, ní gúúsù ìlà-oòrùn Alaska, ojú omi kò ju nǹkan bíi máìlì 15 lọ. Fẹ́rì á rìn ín ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ní orí ilẹ̀ lòun máa gbà yóò wakọ̀ tó nǹkan bíi máìlì 350; yóò wọ Kánádà, yóò yí àwọn òkè po, kó tó tún padà wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí gbogbo etíkun yẹn ṣe rí nìyẹn. Òkè tí yìnyín bò ló wà lẹ́yìn àwọn ìlú, omi jíjìn ló wà níwájú wọn, erékùṣù sì pọ̀ lọ súà. Juneau tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà gan-an kò ní títì kankan tó so ó mọ́ ìlú mìíràn.

Ohun tí ìjọba Alaska wá ṣe ni pé ó sọ omi di títì. Láti ọdún 1963 ló ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn àti mọ́tò láti èbúté dé èbúté, Alaska Marine Highway sì lorúkọ tí wọ́n fún un, ìyẹn òpópónà márosẹ̀ orí omi. Orúkọ yẹn bá a mu. Ọkọ̀ tó ń gbé àlejò tó wá wo yìnyín náà ló ń gbé ọmọ iléèwé tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kejì, òun náà ló ń gbé aláìsàn tó ń lọ rí dókítà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ́tò sábà máa ń gbà wọ ètò yìí láti gúúsù. Àkọ́kọ́ ni Bellingham, ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, tí yóò rìn tó wákàtí 38 kó tó kan èbúté Ketchikan. Èkejì, tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ Alaska ṣì ń dé Prince Rupert, gba Kánádà. Wọ́n á wakọ̀ dé Port Hardy ní orí erékùṣù Vancouver, wọ́n á wọ ọkọ̀ Northern Expedition fún nǹkan bíi wákàtí 16 lọ sí Prince Rupert, wọ́n á sì bọ́ sínú ọkọ̀ Alaska níbẹ̀, tí Ketchikan kò ju wákàtí mẹ́fà mọ́. Ọ̀nà ti Kánádà yìí lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe omi ìṣeré. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ọkọ̀ Queen of the North kọ lu erékùṣù Gil lójú ọ̀nà kan náà, ó sì rì. Èèyàn 101 ló wà nínú rẹ̀, 99 ló yè. Àwọn ará abúlé Hartley Bay tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ló jí lóru, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ìpẹja wọn wọnú òkùnkùn lọ gbé àwọn èrò náà. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá mọ orúkọ abúlé yẹn.

Mọ́tò tó máa ń gba ìrònú jù nínú gbogbo ètò yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní RV: mọ́tò gbọọrọ tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, fíríìjì àti ilé ìyàgbẹ́ wà nínú rẹ̀, tí tọkọtaya lè gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láì wá hòtẹ́ẹ̀lì. Ìbéèrè tó ṣe kókó jù nígbà tí wọ́n bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni bí ó ṣe gùn tó. Láti orí bọ́ńpà iwájú dé ibi tó yọ jù lẹ́yìn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá so kẹ̀kẹ́ méjì kọ́ ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ náà wà nínú ìṣirò. Bí irin tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò kékeré bá yọ síta, òun náà wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ṣe gùn ni owó rẹ̀ ṣe ń lé sí i, owó dírẹ́bà àti ti àwọn èrò sì tún dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ ẹsẹ̀ bàtà 27 sílẹ̀, tí ti ẹ̀ sì jẹ́ 30, lè bá òṣìṣẹ́ èbúté pàdé pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ìnira ibẹ̀ kọjá owó tí wọ́n máa fi kún un, torí ó ṣeé ṣe kí àyè má sí rárá. Ọkọ̀ Columbia tí wọ́n kàn ní 1974, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 418, kò gbà ju nǹkan bíi mọ́tò 130 lọ, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi ń ta ilẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àyè àwọn mọ́tò gígùn ló máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí náà kí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti oṣù mélòó kan ṣáájú ló dára.

Ní èbúté, wọn kì í kó mọ́tò wọlé bí wọ́n ṣe dé sí. Ibi tí olúkúlùkù ń lọ ni wọ́n ń wò: ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn á lọ sí ìkángun, ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ ní èbúté tó kàn á wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn, ó tún ní lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí náà RV tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lè ní láti yí po nínú ikùn ọkọ̀, tàbí kó fi ẹ̀yìn rìn. Òṣìṣẹ́ kan á dúró síwájú, á máa fi ọwọ́ darí dírẹ́bà: máa bọ̀, ọ̀tún díẹ̀, máa bọ̀, dúró. Àlàfo tó máa kù láàrin mọ́tò àti ògiri irin lè má ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, díńgí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ ká mọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí mọ́tò tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba orí afárá, omi ló sì ń pàṣẹ fún afárá náà. Lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ ni òkun ń kún tó sì ń fà ní etíkun yìí, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà sì lè ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ ní Ketchikan, bíi gíga ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí kan afárá wà ní ilẹ̀, orí kejì ń bá omi lọ sókè sódò. Bí omi bá kún, afárá á tẹ́jú bíi títì. Bí omi bá fà, á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ sì ni ìdí RV gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ jìnnà sí táyà ti máa ń ha ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ lè fi pákó sábẹ́ táyà kí ìdí mọ́tò lè gbé sókè, tàbí kí wọ́n ní kí ó dúró de omi. Ọkọ̀ Kennicott ní ohun kan tó ràn án lọ́wọ́: irin agbéǹkansókè ńlá nínú rẹ̀, tó ń gbé mọ́tò sókè sódò títí yóò fi bá èbúté mu.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, wọ́n á ti gáàsì pa, wọ́n á sì lẹ nǹkan mọ́ ọn láti fi hàn pé wọ́n ti tì í. Hanbréèkì á wà lókè. Lẹ́yìn náà ni ohun tó máa ń dun àwọn àkọ́kọ́lọ: gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé ilé wọn wá, wọn kò sì lè sùn nínú rẹ̀. Òfin tó yẹ ni. Bí iná bá sọ láàrin mọ́tò tí wọ́n há mọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú RV kò ní rí ọ̀nà jáde. Ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú mọ́tò ńkọ́? Wọ́n máa ń ṣí ìsàlẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí olówó rẹ̀ lè lọ fún un lómi. Fíríìjì kò níí ṣiṣẹ́ mọ́, torí náà wọ́n máa ń ti kó ìgò omi dídì sínú rẹ̀ láti ilé, wọn kò sì ní ṣí i.

Ẹni tí kò gba yàrá lè sùn sórí àga lókè, níbi tí wọ́n ti fi gíláàsì bò ó lórí, tí iná amóoru ń tàn sí i lára. Àwọn mìíràn á pàgọ́ sí orí ọkọ̀ níta, wọ́n á fi téèpù lẹ ẹsẹ̀ àgọ́ mọ́ irin kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Òwúrọ̀ á bá wọn lábẹ́ òjò wínníwínní, igbó Tongass á wà lọ́tùn-ún lósì, tó tóbi ju èyíkéyìí nínú àwọn igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yòókù lọ.

Láàrin Wrangell àti Petersburg, ọkọ̀ á wọ Wrangell Narrows, ọ̀nà tóóró tó gùn tó máìlì 22. Iná àti àmì tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níbẹ̀ ju 60 lọ, pupa lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì. Wọ́n ń ṣírò wákàtí kí omi lè kún tó kí wọ́n tó wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè kan Petersburg láago mẹ́ta òru.

Ní Haines, wọ́n á pe àwọn dírẹ́bà sísàlẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, RV á gun afárá jáde. Ìta ni wọ́n ti máa ń ṣí gáàsì padà. Títì tó wà níwájú wọn á mú wọn lọ sí Haines Junction, níbi tó ti pàdé Alaska Highway, ìyẹn òpópónà ti orí ilẹ̀. Àmọ́ ẹnubodè Kánádà wà ní nǹkan bíi máìlì 40, kì í sì í ṣí lóru. Ẹni tí fẹ́rì bá já sílẹ̀ lálẹ́ á wá ibi gúnlẹ̀ sí nílùú, á sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀.